Àṣìṣe Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tọ́ka Sí

Sátidé ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2006, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje ní òwúrọ̀. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mo kọ ọ́ sí òkè ojú ewé kìíní ìwé àkọsílẹ̀ mi kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ mẹ́fà ló jókòó síwájú mi nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní àdúgbò Altona, ní ìlú Hamburg ní Jámánì. Ìṣirò ni mo fẹ́ kọ́ wọn. Mi ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun rí, àfi tí a bá ka àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi méjì ní Berlin, àwọn yẹn kì í sì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni mo parí ẹ̀kọ́ mi nínú ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì ní Berlin. Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àdúgbò Wedding, lókè ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun fún àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ olóṣù mẹ́wàá kan ló gbé mi dé Hamburg, ní ọ́fíìsì kan tí a ti ń yẹ àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ẹrù ọkọ̀ ojú omi wò. Mi ò mọ ẹnì kankan nílùú náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n béèrè ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì, mo sọ fún wọn. Kí n tó délé, mo ti di tíṣà.

Kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ kóòtù. Àjà kọkànlá ilé gíga kan ní Osdorfer Born ni òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ó wà ní kíláàsì kẹfà ní Gymnasium, ìyẹn irú ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé ọmọ lọ tààrà sí yunifásítì. Ìyá náà na lẹ́tà kan sí mi.

"Ántí, ẹ bá mi ka ìwé yìí."

Mo kà á. Máàkì ọmọ náà nínú ìṣirò jẹ́ márùn-ún, àti ní Jámánì oókan ló dára jù, mẹ́fà ló burú jù. Bí kò bá yí padà kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, wọn kò ní gbà á sí kíláàsì keje níbẹ̀, yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo tú u sí Yorùbá fún un.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi náà ṣe kà á," ló wí. "Mo ní kí n wò ó bóyá tiyín máa yàtọ̀ ni."

Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ní Abẹ́òkúta. Mo kọ nǹkan sí pátákó, wọ́n dà á kọ. Mo ka gbólóhùn kan, wọ́n kà á tẹ̀ lé mi. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọ̀kan nínú wọn ti gbé orí lé tábìlì. Ọmọ pásítọ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ, ń ka iye iná tó wà ní òkè àjà. Ọmọ Osdorfer Born jókòó jẹ́ẹ́, ó na ẹ̀yìn ró, ó ń kọ gbogbo ohun tí mo bá kọ. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ́jọ́ yẹn mo kọ pé: "Ẹ̀kọ́ náà kò wù wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé oorun ń kùn wọ́n." Mo fa ìlà sábẹ́ "ó ṣeé ṣe".

Ní Sátidé kejì mo gba ìwé wọn láti máàkì í. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti ṣírò bí yàrá kan tó fẹ̀ ní mítà méje, tó gùn ní mítà mẹ́jọ ṣe tóbi tó, mo sì ti kọ 54 sí pátákó. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí nínú ìṣirò. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọ 54. Nínú ìwé ọmọ Osdorfer Born, 54 wà níbẹ̀ ní yíǹkì, ó mọ́ rekete. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù kọ 56 ní kékeré, bí ẹni tó ń bò ó mọ́lẹ̀.

Mo pè é wá sí tábìlì mi.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Ẹ̀n, Ántí."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tẹ́ ẹ kọ ọ́."

"O mọ̀ pé mo ṣì í, o wá dákẹ́?"

Ilẹ̀ ló ń wò. "Mọ́mì ní mi ò gbọdọ̀ já àgbàlagbà nírọ́."

Mo bi àwọn yòókù bóyá wọ́n rí i. Méjì nawọ́. Ọmọ pásítọ̀ ní òun rí i, ṣùgbọ́n òun rò pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Nàìjíríà nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì wò mí kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn náà lè rẹ́rìn-ín.

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́fà. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀: ọmọ tí wọ́n ní ìṣirò kò yé ti rí àṣìṣe mi lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ó kéré tán, kì í ṣe gbogbo márùn-ún yẹn ni àìmọ̀ fà. Ohun tó fa ìyókù, mi ò tíì lè sọ.

Ní Sátidé kẹta, mo sọ fún wọn pé nínú gbogbo ohun tí mo bá kọ sí pátákó lónìí, irọ́ kan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i kó ké "Falsch!", ìyẹn "kò rí bẹ́ẹ̀" ní èdè Jámánì. Mo ra bisikíìtì sílẹ̀ fún ẹni tó bá borí. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó gbé orí lé tábìlì. Wọ́n ń ṣírò gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, wọ́n ń fura sí èyí tó tọ̀nà pàápàá.

"Falsch!"

"Èwo?"

"Èyí, èyí tó wà lókè!"

"Ó tọ̀nà. Tún un ṣírò."

"Doch, Ántí, kò tọ̀nà! Ẹ wò ó dáadáa!"

Ó yá mi lára, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ bisikíìtì. Ní Sátidé kẹrin mi ò mú bisikíìtì wá, ariwo náà kò sì dín kù. Ọmọ kan béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbàgbé. Nítorí náà kì í ṣe bisikíìtì, tàbí kí n sọ pé kì í ṣe bisikíìtì nìkan. Bóyá àṣìṣe gan-an ló dùn. Láti dán ìyẹn wò, ní ọjọ́ kan tí mo lọ sí Berlin mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tí wọ́n ń di irun fún.

"Irọ́ kan wà nínú èyí," ni mo wí. "Ẹ wá a."

Àgbà nínú wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Irọ́ kan ṣoṣo? Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń ṣi nǹkan kọ lójoojúmọ́."

"Kìlódé tó ò sọ fún mi rí?"

"A máa ń sọ fún yín. Ẹ̀yin lẹ kì í gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín débi tí irun fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń di irun fún ní kí àwọn ọmọ náà fi mí sílẹ̀ kí n jẹun. Eré náà kò dùn mọ́ wọn rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì padà sídìí tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn rí pé kí wọ́n má já àgbà nírọ́, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n sọ fún wọn, wọn kò gbọ́. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi padà sí Hamburg, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jọ pé kì í ṣe àṣìṣe ló ń jí ọmọ lójú oorun, bí kò ṣe pé wọ́n fún un láyè láti ṣe ohun tí wọn kì í fún un láyè ṣe. Ọmọ mẹ́jọ péré ni mo fi dán an wò. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Kí n tó lọ sí Berlin yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, ní ọjọ́ kejì ẹ̀kọ́ kẹrin, ọjọ́ Àìkú. Pásítọ̀ dìde láti kéde ìkórè. Ó ní, "Ìkórè wa yóò wáyé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí." Ọmọbìnrin rẹ̀, ọlọ́dún mẹ́jọ, fò dìde láàárín àwọn ọmọdé nínú aṣọ funfun rẹ̀.

"Falsch, Daddy! Sátidé ni kejìdínlógún!"

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, àwọn ìyá ìjọ sì yíjú padà láti wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà wo bàtà mi, kí n tó rántí pé a ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ ránṣẹ́ pè mí.

"Ántí, ta ló kọ́ ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Mo ti wo kàlẹ́ńdà. Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ṣùgbọ́n àwọn ìyá mẹ́ta ti wá bá mi. Wọ́n ní àrífín lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Tí kò bá yí padà kí oṣù yìí tó parí, a máa dá ẹ̀kọ́ náà dúró títí ọdún tuntun á fi wọlé."

Mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn mi. Oṣù Kìíní ni wọ́n máa ń pín Zeugnis ìdajì ọdún, ìyẹn ìwé máàkì àwọn ọmọ. Bí a bá dá a dúró, ọmọ Osdorfer Born yóò lọ bá ìdánwò rẹ̀ láìsí ẹ̀kọ́ kankan. Ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn mẹ́ta tó lọ fẹjọ́ sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé òun lọ bá tíṣà ìṣirò ọmọ rẹ̀, kí n máa túmọ̀ ibi tí kò bá yé òun. A jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wa ga. Obìnrin tó níwà tútù ni tíṣà náà. Ó ṣí ìwé kan.

Ó ní, "Iṣẹ́ orí ìwé rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n kì í nawọ́. Kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá pè é, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ó jọ pé ẹ̀kọ́ náà kò wù ú rárá. Ìpín tí ọ̀rọ̀ ẹnu ní nínú máàkì kò sì kéré."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá náà na ẹ̀yìn ró lórí àga, bí ọmọ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹ sọ fún un pé ọmọ mi kì í ṣe aláriwo. Mo kọ́ ọ nílé."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Mo gbà. Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ìyẹn gan-an lòun ń sọ."

Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jáde. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì la wọ̀. Nígbà tí a bá wà lójú àwọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, "ẹ" ló máa ń lò fún mi nítorí pé mo jẹ́ tíṣà ọmọ rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ó bọ́ ọ sílẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o máa ń sọ̀rọ̀ ní yunifásítì?"

"Rárá, mà."

"Rárá rárá?"

"Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì, mà. Ìdánwò orí ìwé ló pọ̀ níbẹ̀."

"Orí ló yọ ẹ́." Ó wo ìta. "Ọdún méjìlá ni mo fi kọ́ ọmọ náà pé kó dákẹ́ bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé tí wọ́n bá wò ó, wọ́n máa sọ pé ọmọ dáadáa rèé. Èyí tí wọ́n wá ń sọ ni pé kò sí níbẹ̀." A kọjá ibùdókọ̀ kan. "Ṣùgbọ́n 'Falsch' yẹn, mi ò fara mọ́ ọn o. Mi ò lè fara mọ́ ọn láé. Bí ẹni tó ń lé ajá."

Mo sọ fún un pé mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun máa wá a.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù náà, ìyá náà wọlé sí gbọ̀ngàn náà ní tààrà láti ibi iṣẹ́ òru. Pásítọ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní òun kàn ń kọjá ni. Ìyá náà dúró síwájú pátákó.

"Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Àgbà lè ṣi nǹkan ṣe. Mo lè ṣì í ṣe. Ántí yín náà máa ń ṣì í ṣe, ẹ ti rí i. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ò ní pariwo. Ẹ ò sì ní dákẹ́. Ẹ máa nawọ́ sókè, ẹ máa ní, 'Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ ká tún un wò.' Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ṣé ó yé yín?"

Ọmọ pásítọ̀ nawọ́. "Auf Deutsch auch?"

"Ní Jámánì náà. Ẹ lè sọ ọ́ fún tíṣà òyìnbó. Kò ní pa á."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ní, "Iṣẹ́ ọ̀sán mi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago mẹ́sàn-án ni mo máa ń parí. Wákàtí mẹ́jọ gééré." Ó kọ 8 sí pátákó, ó sì yíjú sí wa.

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni. Mi ò bi í, nítorí pé ìdáhùn méjèèjì ló lè kó ìtìjú bá ẹnì kan. Ohun tí mo rí ni mo lè sọ. Àwọn ọmọ yòókù ti ń fi ìka kà. Kò sí ẹni tó nawọ́, nítorí pé gbogbo wọn mọ ọmọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń wò ó. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó wo pátákó. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó padà, ó tún kúrò. Nígbà tó wá gbé e sókè tán, kò ga ju etí rẹ̀ lọ.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì." Ó ń wo 8 náà. "Ẹ jẹ́ ká tún un wò. Wákàtí méje ni, àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta."

Ìyá náà yíjú sí pátákó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu 8 kúrò. "Ó dáa. O ṣeun, ọmọ mi. Wá kọ ọ́."

"Ẹ má bínú, mà!" Ọmọ pásítọ̀ ti dìde. "Ẹ jẹ́ ká tún un wò! Àkókò oúnjẹ ńkọ́? Ẹ máa yọ ọ́!"

"Wọn kì í yọ ọ́!" ni ẹlòmíràn wí.

"Doch, wọ́n máa ń yọ ọ́!"

"Ẹ nawọ́! Ẹ nawọ́!" ni ìyá náà ń wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín, pásítọ̀ tó ní òun ń kọjá sì ti jókòó sórí àga. Odidi wákàtí kan ni a fi bá iṣẹ́ ìyá yẹn fà á, pẹ̀lú ìsinmi rẹ̀ àti àkókò tó ń lò nínú bọ́ọ̀sì láti Osdorfer Born. Mi ò kọ́ wọn ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó jẹ́ ẹ̀kọ́ tó dára jù lọ ní ọdún náà. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ àtidá ẹ̀kọ́ dúró.

Mi ò fẹ́ sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Àwọn kan máa ń ní ẹ̀kọ́ máa ń dùn tí tíṣà bá ń ṣe àwàdà, tàbí tó bá fi nǹkan ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe aláwàdà, mo sì ti fi yàrá kan ṣe àpẹẹrẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sùn. Ohun tí mo rí nínú gbọ̀ngàn yẹn ni pé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wu àwọn ọmọ náà nígbà tí ohun tí wọ́n mọ̀ lè yí ohun tó wà lójú pátákó padà, láìjẹ́ pé wọ́n di ọmọ burúkú nílé. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ mìíràn, ẹlòmíràn ló máa dán an wò.

Ní oṣù Kìíní, máàkì ọmọ náà di mẹ́rin. Mo fojú ara mi rí Zeugnis náà. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà ti sọ gbólóhùn yẹn fún tíṣà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní èdè Jámánì, àti pé tíṣà náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Ọmọ náà kò sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, nígbà tí mo sì bi í, ó ní, "Kì í ṣe nǹkan ńlá, Ántí," ó wá béèrè bóyá òun lè lọ máa ṣeré.

Ní oṣù Keje, iṣẹ́ mi parí, mo padà sí Wedding. Ìyá náà fóònù pé máàkì ọmọ òun ti di mẹ́ta, wọ́n sì ní kó máa bọ̀ ní kíláàsì keje. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ. Torí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé padà ní ìparí oṣù Kẹjọ, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin, mo bá wọn ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà kí aago mẹ́jọ tó lù. Wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn ọmọ mọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn, kíláàsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọmọ náà kò dúró dè wá, ó ti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì ti wọlé. Ìyá rẹ̀ kò mú awò ojú rẹ̀ dání. Ó ní, "Bá mi wò ó."

Mo fi ìka tọ ìwé náà láti òkè wálẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà ní ìlà kẹtàdínlógún, lábẹ́ kíláàsì keje.